Kíkọ́ iṣẹ́ kátúùnù n'Ìbàdàn: nílé ni, lọ́dọ̀ ọ̀gá ni, ní Pólì ni, àbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì?

Bàbá kan mú ọmọ wọn wá bá mi ní Bódìjà lọ́jọ́ Sátidé kan. Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìdánwò WAEC ni. Ó fa ìwé ẹsasáìsì kan yọ nínú báàgì, ó di etí rẹ̀ mú, ó wá ń jẹ́ kí àwọn ojú ewé máa já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan lábẹ́ àtàǹpàkò rẹ̀. Obìnrin kékeré kan tó fi báírò yà sí igun ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í gúnyán. Ọmọ odó ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nílẹ̀. Bàbá wò mí lójú, wọ́n ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé iṣẹ́ nìyí? Tó bá jẹ́ iṣẹ́, níbo ni kí n mú un lọ kọ́ ọ?"

Iṣẹ́ ni. Ohun tí ará ilé ń pè ní kátúùnù, tí àwa tó ń ṣe é ń pè ní animation, òun ni mo fi ń sanwó ilé. Mo rán bàbá náà létí pé ìlú yìí gan-an ni WNTV, tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1959, torí náà kì í ṣe òní làwọn èèyàn ti ń ti inú àwòrán jẹun níbí. Mo sọ fún wọn pé lọ́dún 2024, Disney gbé eré kátúùnù kan jáde tí ìtàn rẹ̀ wáyé ní Èkó, Kugali ló sì bá wọn ṣe é, ilé iṣẹ́ tí ọmọ Nàìjíríà méjì àti ọmọ Uganda kan dá sílẹ̀. Ojú wọn rọ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kejì, "níbo", kò ní ìdáhùn ẹyọ kan. Ohun tí mo bá wọn sọ ni mo kọ síbí, fún ẹnikẹ́ni tí ọ̀rọ̀ náà bá kàn.

Ohun tí mo fi ń wọ̀n wọ́n

Àkọ́kọ́ ni owó. Owó ilé ẹ̀kọ́ nìkan kọ́. Owó kọ̀ǹpútà, owó dátà àti owó iná wà ńbẹ̀. Èkejì ni ìgbà: oṣù mélòó ni yóò gbà kí ẹnìkan tó kówó lé ọ lọ́wọ́ fún iṣẹ́ tí o ṣe? Ẹ̀kẹta, ṣé ọ̀nà náà kì í já èèyàn kulẹ̀ láàárín méjì? Ẹ̀kẹrin ni mo kà sí jùlọ: ta ni yóò máa bá ọ wo iṣẹ́ rẹ, tí yóò fi ìka tọ́ka síbi tó kù sí?

Kí n fi ọmọ yẹn ṣàlàyé. Mo ní kó dìde, kó ṣe bí ẹni ń gúnyán. Bó ṣe fẹ́ gbé ọmọ odó tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, orúnkún rẹ̀ kọ́kọ́ tẹ̀ díẹ̀ kí apá tó gòkè. Mo ní, "Èyí tí o ṣe yẹn, kò sí nínú àwòrán rẹ." Ọmọ odó wúwo, torí náà ìgbésókè rẹ̀ a máa lọ́ra, ìsọ̀kalẹ̀ rẹ̀ a máa yá. Bó bá kan iyán, iyán a tẹ̀, a fẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, a sì fà tẹ̀ lé ọmọ odó nígbà tó bá tún ń gòkè. Nínú ìwé tirẹ̀, ìgòkè gba ojú ewé mẹ́fà, ìsọ̀kalẹ̀ gba mẹ́fà, iyán kò sì mira rárá. Mo ní kó fún ìgòkè ní mẹ́sàn-án, kó fún ìsọ̀kalẹ̀ ní mẹ́ta. Méjìlá náà ni gbogbo rẹ̀ ṣì jẹ́, ìyẹn ìṣẹ́jú-àáyá kan, torí fíìmù a máa lo férémù 24 (àwòrán ẹyọ kọ̀ọ̀kan là ń pè ní férémù) ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, àwa tó ń fọwọ́ yà á sì sábà máa ń fi àwòrán kan gba férémù méjì. Ó jókòó sí ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn, ó tún un yà. Nígbà tó fi máa jẹ́ kó já bọ́ lẹ́ẹ̀kejì, obìnrin inú ìwé yẹn ti ní agbára lápá. Bàbá rẹ̀ rí i. Wọ́n ní kó tún ṣe é.

Ohun tí mo kọ́ ọ yẹn kì í ṣe àṣírí. Ó wà lára òfin 12 tí Frank Thomas àti Ollie Johnston, àwọn àgbà oníṣẹ́ Disney, kọ sílẹ̀ lọ́dún 1981, fídíò tó sì ń ṣàlàyé wọn lórí YouTube kò lóǹkà. Ṣùgbọ́n kò sí fídíò tó lè rí ìwé ẹsasáìsì ọmọ yẹn. Ẹni tó lè rí i ló ṣọ̀wọ́n n'Ìbàdàn, òun sì ni mo fi ń dá ọ̀nà kọ̀ọ̀kan lẹ́jọ́.

Kíkọ́ ọ fúnra ẹni nílé

Òun ló rọ̀ jù lójú, òun náà ló sì ń dá èèyàn dúró lójú ọ̀nà jù. Kó o tó ronú owó irinṣẹ́, mọ̀ pé Blender, tí a fi ń ṣe kátúùnù oníhà mẹ́ta àti èyí tí a ń fọwọ́ yà, ọ̀fẹ́ ni. Krita, tí a fi ń yàwòrán, ọ̀fẹ́. OpenToonz, tí a fi ń ṣe kátúùnù tí a ń fọwọ́ yà, ti di ọ̀fẹ́ láti 2016. Fíìmù kan láti Latvia tí wọ́n fi Blender ṣe gba Oscar lọ́dún 2025, nítorí náà má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé sọ́fítíwíà olówó gọbọi lo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rà. Ilé iṣẹ́ Blender tún máa ń ṣe fíìmù kéékèèké, wọ́n á sì fi fáìlì rẹ̀ síta. O lè ṣí i, kí o tú u palẹ̀ bí ẹni tú ẹ́ńjìnnì, kí o rí bí wọ́n ṣe so eegun mọ́ ara.

Kọ̀ǹpútà lowó máa lọ sí. Blender ní ó kéré tán, kí ó ní RAM (ìrántí tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́) 8 GB. 32 GB ni wọ́n dámọ̀ràn. Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ wa fi bẹ̀rẹ̀. Bí o bá lọ sí Dùgbẹ̀ láti rà á, gbé Blender àti fáìlì kan sínú fláàṣì, kí o ṣí i lórí kọ̀ǹpútà náà níwájú ẹni tó ń tà á, kí o yí àwòrán náà kiri, kí o sì fà á yọ lára iná wò bóyá bátìrì rẹ̀ tó ogún ìṣẹ́jú. Ẹni tí kò bá gbà kí o dán an wò, fi tirẹ̀ sílẹ̀. Bí owó kọ̀ǹpútà kò bá tíì sí, áàpù FlipaClip lórí fóònù Android tó láti fi kọ́ bí nǹkan ṣe ń rìn. Má dúró de kọ̀ǹpútà kí o tó bẹ̀rẹ̀.

Dátà gbówó lórí lẹ́yìn tí NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ fóònù, gbà kí àwọn ilé iṣẹ́ fóònù fi owó tó tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lé e ní oṣù kìíní 2025. Má máa wo fídíò kan náà nígbà mẹ́rin lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Gbà á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ti iná ńkọ́? Ní ọdún àkọ́kọ́ mi, mo ń ṣe ìpolówó ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá fún oníbàárà kan. Férémù 240 ni. Kọ̀ǹpútà mi ń lo ìṣẹ́jú méjì láti ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan jáde bí àwòrán tó parí, ìyẹn wákàtí mẹ́jọ. Mo tàn án ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, mo sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní aago mẹ́rin ìdájí, wọ́n mú iná lọ, bátìrì kò sì gbé e fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Férémù 210 ti parí, ṣùgbọ́n fídíò ẹyọ kan ni mo ní kó kó gbogbo wọn sí, fídíò tí kò bá sì parí kò ní ṣí. Wákàtí méje ṣòfò. Oníbàárà dé ní aago mẹ́jọ àárọ̀, ó rí mi tí mo jókòó láìní nǹkan kan lọ́wọ́, kò sì padà wá mọ́. Láti ọjọ́ yẹn, àwòrán PNG lọ́kọ̀ọ̀kan ni mo máa ń ní kó kó jáde. Bí iná bá lọ, férémù kan péré ló lọ, màá bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dúró. Ó dùn mí pé kò sẹ́ni tó sọ fún mi tẹ́lẹ̀, torí ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú kan ni.

Àléébù tó tóbi jù nínú kíkọ́ nílé ni pé ẹ̀kọ́ orí fídíò kò mọ èdè rẹ. Ọ̀rọ̀ yìí ń ká mi lára, ẹ jẹ́ kí n dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. Àwọn àwòrán ẹnu tí ọ̀pọ̀ ń gbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti Òyìnbó ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Fáwẹ̀lì méje ni Yorùbá fi ń la ẹnu, láìka ti aránmúpè. Bí o bá lo ẹnu "o" kan ṣoṣo fún "oko" àti "ọkọ", ọmọ tó ń wo kátúùnù náà ní Òkè-Àdó lè má mọ ohun tó fà á, ṣùgbọ́n yóò mọ̀ pé ẹnu yẹn kì í ṣe ti ará ilé òun. Ẹnu ọ gbọ́dọ̀ là ju ti o lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ àti e. Fún gb àti p, ètè gbọ́dọ̀ pa dé pátápátá fún bíi férémù méjì kí ó tó ṣí lójijì; bí o bá fo ìpadé yẹn, "gbàgbé" kò ní jẹ́ "gbàgbé" mọ́. Ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ kò hàn lórí ètè, ìpéǹpéjú àti orí ló ń gbé wọn. Fi fóònù gba fídíò ìyá rẹ bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀, wò ó ní férémù kọ̀ọ̀kan, kí o sì ya àwòrán ẹnu tìrẹ.

Kíkọ́ nílé lè gbà ju ọdún kan lọ kí owó tó wọlé. Ẹni tó lè jókòó ti ara rẹ̀ nìkan ló wà fún.

Lọ́dọ̀ ọ̀gá

Bí a ṣe ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ àti mẹkáníìkì ni a ṣe ń kọ́ èyí náà: o sanwó tàbí kí o fi ìsìn sanwó, ọ̀gá fún ọ ní àyè, ọjọ́ kan sì ń bọ̀ tí o ṣe fìrídọ̀ọ̀mù. Ohun tí àwọn stúdíò kéékèèké ìlú yìí sábà ń ṣe ni ìpolówó ọjà, orin ọmọdé, iṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì àti, bí ìdìbò bá ti ń sún mọ́lé, iṣẹ́ òṣèlú. Owó kékeré lè bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láàárín oṣù mẹ́fà, èyí tí kò sí nínú àwọn ọ̀nà yòókù.

Ọ̀gá méjì ni mo kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Lọ́dọ̀ ti àkọ́kọ́, mo lo oṣù mẹ́rin. Mo ra bẹntiróò, mo gé fídíò ìgbéyàwó, mo dúró ti jẹnẹrétọ̀. N kò ya ìlà kan. Kọ̀ǹpútà méjì ló wà fún ọmọṣẹ́ méje. Owó tí ìyá mi san kò padà. Lọ́dọ̀ ọ̀gá kejì, ọjọ́ kejì tí mo débẹ̀ ni wọ́n ti fún mi ní bọ́ọ̀lù kan pé kí n jẹ́ kó ta, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n fa àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n ní, "Tún un gbé wá, jẹ́ ká wò ó." Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n á tẹ bọ́tìnnì férémù lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á dákẹ́, wọ́n á wá fi ìka kan ojú kọ̀ǹpútà: "Ibí yìí." Mo kọ́ nǹkan nínú oṣù mẹ́ta níbẹ̀ ju ọdún tí mo fi dá jókòó lọ.

Nítorí náà, kí o tó san kọ́bọ̀, bèèrè kí wọ́n fi iṣẹ́ àwọn tó ti ṣe fìrídọ̀ọ̀mù hàn ọ́. Iṣẹ́ ọ̀gá fúnra wọn kò tó. Ka kọ̀ǹpútà, kí o sì ka ọmọṣẹ́. Bèèrè bóyá iṣẹ́ tí o bá ṣe yóò lè wọ inú showreel tìrẹ (fídíò kúkúrú tí o fi ń fi iṣẹ́ rẹ han oníbàárà), kí ẹ sì kọ àdéhùn náà sílẹ̀ kí àgbà kan nínú ẹbí rẹ fọwọ́ sí i. Lọ jókòó síbẹ̀ fún ọ̀sán kan kí o rí ohun tí àwọn ọmọṣẹ́ ń ṣe. Bí ó bá jẹ́ ìránṣẹ́ ni gbogbo wọn ń jẹ́, o ti rí ìdáhùn.

Ohun kan tún wà. Ọwọ́ ọ̀gá rẹ ni yóò di ọwọ́ rẹ. Bí lẹ́tà tó ń fò wọlé àti lógò tó ń yí ni wọ́n ń ṣe, òun ni wàá mọ̀. Bí ìtàn Ìjàpá ló wà lọ́kàn rẹ, ìwọ fúnra rẹ ni yóò máa ṣe ìyẹn lálẹ́.

Pólì àti yunifásítì

Pólì Ìbàdàn, tó ti wà láti 1970, ní ẹ̀ka Art and Design. ND ọdún méjì, IT (ìkọ́ṣẹ́ níta) ọdún kan, HND ọdún méjì: ọdún márùn-ún nìyẹn, láìka ìdádúró àti ọdún àgùnbánirọ̀. Kátúùnù gan-an kọ́ ni wàá bá lọ síbẹ̀. Ìyàwòrán ni, ara ènìyàn, òjìji, àwọ̀, ère. Ẹni tó bá mọ bí egungun èjìká ṣe ń yí lábẹ́ awọ, mo lè kọ́ ọ ní Blender láàárín oṣù díẹ̀. Ẹni tó mọ Blender ṣùgbọ́n tí kò mọ èjìká, iṣẹ́ ọdún mẹ́ta ni. Àwọn olùkọ́ á máa wo iṣẹ́ rẹ, ìyẹn dára púpọ̀. Ìwé ẹ̀rí náà tún wúlò fún ẹni tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ ìjọba, tó fẹ́ di olùkọ́, tàbí tó fẹ́ wá ìwé àṣẹ láti kàwé lókè òkun. Stúdíò tó ń wá oníṣẹ́ kì í sábà bèèrè rẹ̀. Showreel ni wọ́n ń wò.

Ọ̀pọ̀ kì í rò ó, ṣùgbọ́n ẹ̀ka Theatre Arts ní Yunifásítì Ìbàdàn náà jẹ́ ọ̀nà kan. Òṣèré ni oníṣẹ́ kátúùnù, pẹ́ńsùlù ló kàn fi ń ṣe é.

Ilé ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì

Animation Mentor, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2005, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ jù. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní stúdíò ńláńlá ló ń kọ́ni, wọ́n á sì wo iṣẹ́ rẹ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ohun tí mo ní ó ṣọ̀wọ́n yẹn gan-an ni wọ́n ń tà. Ṣùgbọ́n sáà kan, ìyẹn ọ̀sẹ̀ 12, ju 2,000 dọ́là lọ. Bí dọ́là kan bá jẹ́ ₦1,500, ó ti kọjá mílíọ̀nù mẹ́ta náírà, sáà kan kì í sì í tó. N kò lè gba ẹnikẹ́ni níyànjú kí ó ta ilẹ̀ nítorí rẹ̀. Ẹni tó ti ń gbowó dọ́là lọ́wọ́ àwọn oníbàárà òkèèrè, tó sì fẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ mú sí i, òun ló yẹ.

Ní ti ọ̀fẹ́, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ 3MTT, ètò tí wọ́n fi ń kọ́ni níṣẹ́ kọ̀ǹpútà, lọ́dún 2023, animation sì wà lára iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ni níbẹ̀. Forúkọ sílẹ̀. Bó o bá wọlé, wá ojúgbà méjì tàbí mẹ́ta nínú kíláàsì náà tí wọ́n ń gbé n'Ìbàdàn, kí ẹ jọ máa pàdé. Àwọn yẹn ni èrè tó máa pẹ́ jù lọ́wọ́ rẹ.

Àbí kí n kúkú lọ sí Èkó? Iṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó ilé yóò jẹ gbogbo oṣù àkọ́ṣe rẹ tán. Kọ́ṣẹ́ níbí. Ọkọ̀ ojú irin ti ń ná Mọ́níyà sí Ẹ̀bútè-Mẹ́ta láti oṣù kẹfà 2021. Bí wọ́n bá pè ọ́ fún ìpàdé, o lè lọ kí o sì padà.

Ta ni kó mú èwo?

Bí o bá ti ní iṣẹ́ mìíràn tàbí o ṣì wà nílé ìwé, tí wákàtí méjì lálẹ́ ni o ní, kọ́ ọ nílé, ṣùgbọ́n wá ẹni tí wàá máa fi iṣẹ́ hàn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Fi í ṣọwọ́ lórí WhatsApp, ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta péré. Bí kò bá sí ẹni bẹ́ẹ̀, má tíì gbẹ́kẹ̀ lé ọ̀nà yìí nìkan.

Bí o bá nílò owó kíákíá, tí ilé ń retí rẹ, lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá, kí o sì fi àwọn ìbéèrè òkè yẹn yẹ̀ wọ́n wò. Má jẹ̀ẹ́ kí oṣù méjì kọjá lórí iṣẹ́ ìránṣẹ́ kí o tó sọ̀rọ̀.

Bí o bá jẹ́ ọmọ ọdún 17 tàbí 18, tí àwọn òbí lè gbé ọdún márùn-ún, tí àwòrán yíyà sì ń jẹ ọ́ lọ́kàn ju kọ̀ǹpútà lọ, Pólì ni. Kọ́ Blender ní àwọn ìsinmi.

Ẹ̀yin òbí, owó ẹyọ kan ni ọ̀pọ̀ yín ní fún ọ̀rọ̀ yìí, ẹ sì máa ń fẹ́ fi gbogbo rẹ̀ san owó ilé ẹ̀kọ́. Ohun tí mo sọ fún bàbá ọmọ yẹn ni pé kí wọ́n ra kọ̀ǹpútà àti bátìrì tí yóò gbé e fún wákàtí mẹ́ta bí iná bá lọ, kí ìyókù jẹ́ owó ọ̀gá fún oṣù mẹ́fà, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, kí ọmọ sì wà nílé ní ọjọ́ yòókù pẹ̀lú iṣẹ́ tirẹ̀. JAMB kò sá lọ. Ó ṣe é ṣe lọ́dún tó ń bọ̀. Wọ́n gbà. Mo ní kí ọmọ mú obìnrin tó ń gúnyán náà padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kó yà á sórí kọ̀ǹpútà, kí ẹnìkejì dúró tì í, kí wọ́n máa gún un ní àgúnpọ̀, ọmọ odó méjì nínú odó kan, tí wọn kò sì gbọdọ̀ kọlu ara wọn.